Àáró Adéjọkẹ́

Ọ̀bẹ ò lẹ́sẹ̀. Ibi téèyàn bá fi í sí nírọ̀lẹ́ náà ló yẹ kó bá a láàárọ̀, àfi bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kàn án. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé inú ló kọ́kọ́ bí Fúnmilọ́lá, ẹ̀rù ò tíì bà á rárá, láàárọ̀ ọjọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tí kò bá ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó wá a títí. Ẹnu àbájáde ẹ̀yìn ló ti wá rí i. Wọ́n gún un mọ́lẹ̀ ṣánṣán, èèkù rẹ̀ lókè, ìrì ti sẹ̀ sí i lára bí ohun tó sun ìta mọ́jú.

"Ta ló ń fi ọ̀bẹ mi ṣeré?"

Olúkálukú ń bó ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ. Rẹ̀mí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló ní, "Bóyá ó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Fúnmilọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀nà ọ̀fun.

Ibi iṣẹ́ gàrí ni mò ń sọ o, èyí tó wà lójú ọ̀nà tó ti Ìsẹ̀ lọ sí Emùré, tí ẹ bá ti kọjá àwọn oko kòkó. Àwọn obìnrin ló ni ín. Wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n mọ ògiri yí i ká dé ìbàdí, èéfín sì ti sọ òrùlé rẹ̀ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá ń bọ̀ lókèèrè, òórùn gàrí ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀ kí ẹ tó rí ènìyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti bu gàrí gbígbóná jẹ látinú agbada rí, tẹ́ ẹ gé àgbọn sí i, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Itọ́ ti ń sọ lẹ́nu mi báyìí.

Fúnmilọ́lá ò tíì pẹ́ níbẹ̀. Èkó ló ti wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ náà a máa ti ilé ìdáná pa, a sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Àgbàlagbà ń tọrọ omi mu nílé ọmọ tó bí! Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó padà sílé bàbá rẹ̀ n'Ísẹ̀, ó dá oko ẹ̀gẹ́ díẹ̀, ó ń bá àwọn obìnrin náà bó, ó ń bá wọn pọn omi, títí wọ́n fi fún un láyè ìdí agbada kan. Àyè yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé. Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, ìdí ilẹ̀kùn títì yẹn ló ń padà sí.

Agbada tí wọ́n fún un, ti Adéjọkẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Adéjọkẹ́ kú nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ, obìnrin tó lágbára bí ẹṣin. Òun ló kọ́kọ́ fa Fúnmilọ́lá mọ́ra nígbà tó dé. Ká sọ tòótọ́, Àbẹ̀kẹ́ ará Emùré ló yẹ kó bọ́ sí àyè náà, torí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ju Fúnmilọ́lá lọ, ibi tí òun sì jókòó sí, èéfín ló ń jẹ lójú látàárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Àrìnpé tó jẹ́ àgbà wọn ní kí wọ́n ṣàánú opó. Àbẹ̀kẹ́ ò sọ nǹkan kan. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ẹ sì mọ báyé ti rí: ẹni tí ò bá sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn a bá a wá ọ̀rọ̀ fi sẹ́nu.

Lẹ́yìn ọ̀bẹ, ó kan ajọ̀ tó fi ń jọ̀ gàrí. Orí ẹ̀ka igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko ni wọ́n ti bá a, ó so rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Lẹ́yìn ajọ̀, ó kan igbá tí Fúnmilọ́lá fi ń ro gàrí lórí iná. Rẹ̀mí ló rí ìyẹn nígbà tó lọ pọnmi ní odò kékeré tó wà nísàlẹ̀. Igbá náà dojú dé sórí òkúta, jẹ́ẹ́, omi ò kàn án. Bí Fúnmilọ́lá bá dáná, igi á máa rú èéfín, kò ní jó, bẹ́ẹ̀ igi kan náà ń jó wowo lábẹ́ agbada àwọn yòókù. Ẹ̀gẹ́ lílọ̀ tó bá dì sápò, tó fi jáàkì tẹ̀ mọ́lẹ̀, bó bá di àárọ̀, okùn ẹnu àpò á ti tú, omi á ṣì kún inú rẹ̀. Gàrí tó bá ti ibẹ̀ jáde á dì kókó-kókó, á máa kan lẹ́nu bí ọtí àná.

Oníbàárà kan bù ú sọ́wọ́, ó wò ó, ó dà á padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti ewúrẹ́ lèyí, àbí ti ènìyàn?"

Fúnmilọ́lá ò wo ẹlòmíràn. Àbẹ̀kẹ́ lojú rẹ̀ ń bá. Àbẹ̀kẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló ń kẹ́yìn wọn lọ sílé. Àbẹ̀kẹ́ ló jókòó tì í. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n gba àyè mọ́ lọ́wọ́. Ọjọ́ kan tí iná rẹ̀ tún kú mọ́ ọn lójú, ó fi igbá lélẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Kí lèmi fi ṣe yín, ẹ̀gbọ́n?"

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo mọ ẹni tó ń kó nǹkan mi rìn."

Àbẹ̀kẹ́ ń ro gàrí rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. "Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ bà yín jẹ́ ni, iyanrìn ni ǹ bá dà sí gàrí yín. Ta ni yóò máa gbé ajọ̀ gun igi? Ṣé ọ̀bọ ni mí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀bọ Emùré ń gun igi o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa. Rẹ̀mí tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín gbé e mì, torí Emùré ni wọ́n ti fẹ́ ìyá tó bí i. Igbá ń ha agbada. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àrìnpé dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Uṣẹ́ là ń ṣe níbí, kì í ṣe ujà. Ibi tí wọ́n bá ti ń ba uṣẹ́ ara wọn jẹ́, gbogbo iná ibẹ̀ ló ń kú. Àbẹ̀kẹ́, lọ jókòó sí ulé títí ọjà á fi ná. Bí nǹkan Fúnmilọ́lá bá dúró jẹ́ẹ́, ìwọ ni, má padà wá mọ́. Fúnmilọ́lá, bí ò bá dúró, a jẹ́ pé o purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ni kó o kó ẹrù rẹ. Ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì ń lọ."

Àbẹ̀kẹ́ dojú agbada rẹ̀ dé. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára ìró rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú padà lẹ́ẹ̀kan, ó wo Fúnmilọ́lá bí ìgbà téèyàn ń wo ẹni tí àìsàn ń ṣe tí kò tíì mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fúnmilọ́lá kó gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Ọgbọ́n ló dá, ẹ má rò pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Bí nǹkan rẹ̀ ò bá rìn, Àbẹ̀kẹ́ lẹ́bi nìyẹn. Ó to ọ̀bẹ, ajọ̀ àti igbá sórí àpótí aṣọ. Ọkọ́ tó fi ń roko, ó tì í sábẹ́ ibùsùn tó ń sùn lé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi igi dábùú u látinú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igi ṣì dábùú ilẹ̀kùn. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ajọ̀ àti igbá wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn, kò rí ọkọ́. Erùpẹ̀ díẹ̀ ló wà níbi tó fi í sí, erùpẹ̀ pupa, tútù, tó ń rùn bí ebè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo igi tó dábùú ilẹ̀kùn yẹn. Lẹ́yìn náà ló dìde, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́. Ó kọjá ẹ̀yìn ibi iṣẹ́, ó kọjá igi ọsàn, ó gba inú odò. Ọkọ́ náà wà ní òdìkejì, láàárín ọ̀nà gan-an, ó nà gbalaja, ẹnu rẹ̀ kọ iwájú.

Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ náà rọrùn nígbà yẹn. Kó gbé ọkọ́ rẹ̀, kó padà sílé, kó pa ẹnu mọ́. Àbẹ̀kẹ́ á lọ, òun á jókòó sí ìdí agbada rẹ̀. Ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ṣùgbọ́n èèkù ọkọ́ náà gbóná. Kì í ṣe gbígbóná oòrùn, oòrùn ò tíì là. Ó gbóná bí èèkù ọkọ́ ti máa ń gbóná nígbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Fúnmilọ́lá ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ bá Ìyá Àrìnpé, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti abẹ́ ibùsùn.

Ìyá náà ò pariwo. Ó tẹ̀lé e dé òdìkejì odò, ó dúró, ó ń mí. Kò fọwọ́ kan ọkọ́. Ó yíjú padà wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá.

"Níbo lo ti rí ọ̀bẹ níjọ́sí?"

"Lẹ́nu àbájáde ẹ̀yìn, Màmá."

"Ajọ̀ ńkọ́?"

"Lórí igi ọsàn."

"Ugbá?"

"Létí odò yìí."

"Ọkọ́ nìyí." Ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú, níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ wọ inú koríko. "Ta ló loko ibẹ̀ yẹn?"

Fúnmilọ́lá wo ibẹ̀. Oko Adéjọkẹ́ ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe àáró rí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí ìgboro, àáró ni kí n bá ọ ṣe tìrẹ lónìí, kí o bá mi ṣe tèmi lọ́la. Bí mo bá ro oko rẹ títí oòrùn fi wọ̀, o ò ní wá fi ọwọ́ lẹ́rán wo tèmi. Bí wọ́n bá ti ṣe fún ọ náà ni wàá ṣe padà, kò gbọdọ̀ dín. Adéjọkẹ́ ti bá Fúnmilọ́lá kọ ebè odidi ọjọ́ kan nígbà tó ń dá oko rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí Fúnmilọ́lá yóò bá a ṣe tirẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, Adéjọkẹ́ dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́.

"Mo rò pé ikú ti pa á rẹ́ ni, Màmá."

"Èkó nikú ti ń pa á rẹ́." Ohùn ìyá náà ti lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí koríko gbọ́. "Níbí, bí ẹnì kan bá kú tí a ṣì jẹ ẹ́ ní àáró, a kì í jẹ́ kí wọ́n sin ín tán kí a tó lọ fi ọkọ́ kanlẹ̀ lóko rẹ̀. Ìwọ dé ibi ìsìnkú, o sunkún, o jẹ mọ́ínmọ́ín, o bọ́ sídìí agbada rẹ̀. Kò bá ọ jà, ọmọ yìí. Ó ń pè ọ́ sóko ni. Gbé ọkọ́ rẹ. Èmi ń lọ pe Àbẹ̀kẹ́ padà."

"Èmi ńkọ́? Ẹ ní ẹnì kan ń lọ."

"Lọ san ohun tó o jẹ. Bó o bá bọ̀, kó o bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àyè rẹ ń bẹ."

Fúnmilọ́lá gbé ọkọ́ tó gbóná yẹn, ó wọ oko Adéjọkẹ́. Koríko ti bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti poro àkọ́kọ́, ó ń ro ó lọ, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ọ. Ṣàkà. Ṣàkà. Nínú poro tó tẹ̀lé tirẹ̀. Ó dúró. Ìró náà dúró. Ó ro, ìró náà ro. Gbogbo wa la mọ̀ pé lọ́jọ́ àáró, olóko kì í jókòó, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó wá bá a ṣe ló ń wà. Fúnmilọ́lá ò yíjú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi igun ojú rí bí koríko ṣe ń wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, tí ilẹ̀ ń yí inú rẹ̀ pupa síta, tí kò sì sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Bó bá rẹ̀ ẹ́, tó falẹ̀, ìró náà á dúró dè é. Ìyẹn ló mú kí ẹ̀rù rẹ̀ máa dínkù. Àbí ẹ ò mọ Adéjọkẹ́? Bó ti máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà láàyè, kì í fi ẹnìkejì sẹ́yìn.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, òórùn iṣu sísun dé sí i nímú. Ó wà ní ìdí ebè, lórí ewé, wọ́n ti ha èèpo rẹ̀ mọ́, epo pupa ń yọ́ lórí rẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Olóko ló ń bọ́ ẹni tó bá wá ṣe àáró. Ebi ń pa á gan-an, ẹ jẹ́ n má purọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsẹ̀ ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un pé a kì í jẹ oúnjẹ òkú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá.

Ó kú díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tó dé ebè ìkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti lé ròrò. Ó ro koríko tó kẹ́yìn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó sì ké ohun tí gbogbo wa ń ké tí a bá na ẹ̀yìn lọ́jọ́ àáró:

"Adéjọkẹ́, mo ti ṣe tìrẹ o! Ó ku tèmi!"

Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Láti inú poro kejì, ó gbọ́ ẹ̀rín jẹ́jẹ́, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn.

Ó délé pẹ̀lú ara fífúyẹ́. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Emùré padà, bẹ́ẹ̀ òun ló dàgbà jù. Àbẹ̀kẹ́ fà á dìde. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀bọ Emùré ti gbọ́." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, èyí sì dénú. Ìyá Àrìnpé ní kò sẹ́ni tó ń lọ síbì kankan mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igbe Rẹ̀mí ni wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ bíbó, tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, funfun bí eyín. Ó kún àyè Fúnmilọ́lá dé òrùlé, ó ga ju ògiri lọ, ó ya síta, ó lọ títí dé ìdí igi ọsàn. Kò sí èèpo kan ṣoṣo nílẹ̀. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, ó tutù dé egungun. Ọkùnrin kan tó gba ẹ̀gbẹ́ oko Fúnmilọ́lá kọjá ní kò ku igi ẹ̀gẹ́ kan lóòró níbẹ̀, àtèyí tó gbó, àtèyí tí kò tíì ta dáadáa.

"Yéè, ẹ̀gbọ́n ti là o!" ni Rẹ̀mí ń wí. "Ẹ wo iṣẹ́! Ta ló bá yín ṣe é?"

Kò sí ẹni tó bá a yọ̀. Ìyá Àrìnpé ti dé. Ó wo òkìtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ojú rẹ̀ lè dé.

"Fúnmilọ́lá, kí lo wí nígbà tó o ṣe tán lóko?"

"Ohun tí gbogbo wa ń wí ni, Màmá."

"Kí ni?"

"Mo ní…" Ó gbọ́ ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. "Mo ní ó ku tèmi."

Àbẹ̀kẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Àáró tí Fúnmilọ́lá ti san tán ló tún fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òkìtì yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ṣe é kò ní ẹ̀yìn tí ń dùn ún mọ́, kò ní oorun tí ń kùn ún, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró láti máa ṣe é lọ. Bí wọ́n bá sì ti ṣe fún ọ náà ni wàá ṣe padà, kò gbọdọ̀ dín.

Ìyá Àrìnpé fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ Fúnmilọ́lá méjèèjì, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wo àwọn ibi tó ti lé ròrò tó sì ti bẹ́. Ó wò wọ́n pẹ́. Kò lè gbójú sókè wo ẹni tó ni ọwọ́ náà.